Ìparí Ọ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Dákẹ́ Nítorí Ẹja

Ohun tí mo bá lọ sí adágún yẹn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ni mo lọ tọrọ. N kò bá ti ẹja lọ. Kò sí èyí tí mo mọ̀ nínú ẹja ju èyí tí wọ́n bá ti dín lọ. Àfẹ́sọ́nà mi ń gbé Berlin, ní Hellersdorf, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tí òun àti gbogbo ìjọ wọn ń pè ní Dádì. Bàbá tó bí i lọ́mọ ti kú kí ó tó wá sí Jámánì. Dádì yìí ló mú un wá, òun ló gbà á sílé, ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé ohun tí Dádì bá ti sọ, abẹ gé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn ni Dádì fẹ́ wọ bàálù lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé ìdáhùn dé iwájú ìyá náà. Bí n kò bá rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó lọ, ìyá á ní ẹnikẹ́ni kò wá tọrọ ọmọ òun, ó parí.

Nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń wá. Ohun tó ń rú mi lójú títí di òní ni ìdí tí àwọn àgbà méjì fi ní láti gbé e pamọ́ fún mi sínú òtútù, omi àti ẹja.

Hamburg ni mo wà nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí owó Euro dé. Mo ń kàwé ní yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìkẹ́rù kan ní ebúté ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo pe Dádì lórí fóònù bí ọmọlúàbí.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ wá kí yín nílé ní Sátidé, sà.”

“Sátidé? N ò ní sí nílé. Orí omi ni mo máa wà.”

“Ọjọ́ Àìkú ńkọ́, sà? Lẹ́yìn ìsìn?”

“Orí omi náà ni. Ṣé òòyì máa ń kọ́ ẹ nínú ọkọ̀ ojú omi?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa. Ẹnì kan wà ní Jenfeld lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá mi. Á gbé ẹ.”

Kí ni ẹni tó gbọ́n máa mú nínú ìyẹn? Èmi mú un pé wọ́n pè mí síbi tí a ti máa sọ̀rọ̀. Mo bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan kó gba iṣẹ́ mi ṣe, mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo to ọ̀rọ̀ mi sórí bí ẹni tó fẹ́ gbèjà ìwé àṣekágbá rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹni tó wá gbé mi, Bọ̀dá Jenfeld ni mo máa pè é. Ó sanra, ohùn rẹ̀ tóbi, díákónì ni, ó sì ń wa ọkọ̀ gíga tó ń gbé kọ̀ǹténà ní ebúté. Òun àti Dádì ti jọ ń bọ̀ tipẹ́. A kò tíì jáde ní Hamburg tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ìlú wo ni bàbá ẹ ti wá?”

“Ìjẹ̀bú-Igbó, sà.”

“Ìyá ńkọ́?”

“Ọ̀yọ́ ni, sà.”

“Ṣé wọ́n ṣì jọ ń gbé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé kò sí ẹni tórí ẹ̀ dàrú rí nínú ẹbí yín? Ẹ̀jẹ̀ tìẹ ńkọ́, AA ni àbí AS?”

“Bọ̀dá, ṣé ọsibítù là ń lọ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. “Má bínú jàre. Ọ̀nà ló jìn.”

Ọ̀nà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo fà á gùn. Àwọn ará Ausländerbehörde gan-an, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wádìí àjèjì, wọn kò bi mí léèrè ìyá bàbá mi rí. Bọ̀dá Jenfeld béèrè ìyá bàbá mi. Ó béèrè ohun tó pa á.

Adágún náà wà láàárín igbó, kò sún mọ́ Berlin, kò sún mọ́ Hamburg. Ìkùukùu ṣì wà lójú omi nígbà tí a dé. Dádì ti dúró lórí afárá onígi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́, ó wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Pákó afárá náà tutù, ìrì sì rin ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọ̀ dé awọ ara.

“Dìde, dìde. Ẹ kú ọ̀nà.” Ó ju ẹ̀wù òjò kan sí mi. Apá òsì rẹ̀ ti ya láti èjìká dé ìgúnpá. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀wù tó pé.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n: wọn kì í dúró sójú kan pa irú ẹja tí wọ́n wá pa yẹn. Seeforelle ni àwọn ará Jámánì ń pè é, inú omi tó jìn tó tutù ló máa ń wà. Wọ́n á so ẹja irọ́ tó ń dán mọ́ ẹnu okùn, wọ́n á ki ọ̀pá ìwọ̀ bọ inú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ á wá máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹja irọ́ á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́hùn-ún bí ẹni pé ó ń lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju kí ọkọ̀ má yára, kó má dúró, kó má sì ṣẹ́rí òjijì, kí àwọn okùn má bàa wé mọ́ra. Erékùṣù kan wà láàárín adágún náà, igi nìkan ló wà lórí rẹ̀ àti àwọn ẹyẹ omi dúdú. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gúnlẹ̀ síbẹ̀. Erékùṣù yìí ni a ń yí po.

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀. Kí ló dé? N kò ní Fischereischein, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege nínú ìdánwò ẹja pípa. Mo ti ṣe ìdánwò tó pọ̀ ní ilẹ̀ yẹn, n kò mọ̀ pé ti ẹja wà níbẹ̀. Wọ́n wá gbé mi jókòó sí ìdí ọkọ̀, níbi mọ́tò oníná kékeré kan tí kì í pariwo, wọ́n ní kí n máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bọ̀dá Jenfeld jókòó láàárín, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Dádì jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò. Èèyàn rin ìrìn tó tó báyìí láti wá bá ojú sọ̀rọ̀, wọ́n wá fún un ní ẹ̀yìn.

A yí erékùṣù náà po lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ohùn mi sílẹ̀ dáadáa.

“Dádì, ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí láyè, sà. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá…”

“Ṣṣṣ. Ẹja ń gbọ́.”

Mo dákẹ́. Kò pẹ́ tí Bọ̀dá Jenfeld fi gbé ohùn tó fi ń gbàdúrà níṣọ̀ọ́ṣì sókè. “Ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ ẹ máa parí?” Dádì kò wí nǹkan kan. Mo wo omi. Ẹja tó ń gbọ́ ohùn tèmi tó rọlẹ̀, kí ló dí i létí sí ohùn ọkùnrin yìí?

“Ọdún tó ń bọ̀, sà.”

“Lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wàá padà sílé ni àbí ibí náà ni?”

“Ó di ìgbà náà, sà.”

“Hẹ̀n. Ṣé o máa ń se oúnjẹ fúnra ẹ?”

“Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kọ ìwé nípa mi ni?”

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá sún mọ́ mi. “Àbúrò, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú ẹ, sọ ọ́ fún mi. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi, Dádì ni mo ní láti bá sọ ọ́.”

Ó wò mí. Ó wo omi. “Ó dáa náà,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni ohun tí wọn kò tíì yé fi ṣe mí lẹ́sín ṣẹlẹ̀. Dádì bu tíì láti inú fláásìkì, ó yí sẹ́yìn, ó sì na ife náà sí mi kọjá èjìká Bọ̀dá Jenfeld. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló wà lára mọ́tò. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Àgbà na nǹkan sí ẹ, bàbá ẹni tí o fẹ́ fẹ́ sì ni: ṣé ọwọ́ òsì ni wàá fi gbà á? Mo fi mọ́tò sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, mo tẹ orí ba. “Ẹ ṣé, sà.” Ọkọ̀ ṣẹ́rí gbọ̀ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ní àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tẹ̀, okùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ pẹ̀lú ariwo. Ẹja ti gbé e! Dádì dìde, Bọ̀dá Jenfeld dìde, tíì dà sí mi nítan, àwọn okùn tó kù sì wé mọ́ra wọn bí irun tí wọn kò yà. Nígbà tí wọ́n máa fi tú u, ẹja ti lọ.

Dádì wá kọjú sí mi wàyí. “Ta ló ní kí o fi mọ́tò sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ na ife sí mi, sà.”

“Ọwọ́ òsì ẹ ńkọ́?”

“Ọwọ́ òsì, sà? Èmi, kí n fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ yín?”

Ẹ̀rín pa Bọ̀dá Jenfeld, ó fi ojú pamọ́ sínú fìlà rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ́ ọ nílé o. Ẹ ò lè ní wọn ò kọ́ ọ nílé.”

“Wọ́n kọ́ ọ nílé,” ni Dádì wí, “ẹja ló jèrè ẹ̀.” Ó yí ẹ̀yìn padà sí mi.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí mo bá fi òsì gbà á, wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo fi méjèèjì gbà á, wọ́n ní mo lé ẹja lọ. Mo ronú sí i títí ọjọ́ yẹn fi rọ̀: ṣé ó fi dán mi wò ni, àbí òùngbẹ lásán ló rò pé ó ń gbẹ mí? N kò rí ẹni bi.

Ilé onígi kan tí wọ́n háyà létí adágún ni a sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo jáde sábẹ́ igi, mo pe àfẹ́sọ́nà mi.

“Ṣé ẹ ti sọ̀rọ̀?” ni ìkíní tó kí mi.

“Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ẹja ń gbọ́.”

“Ẹja wo?”

“Èmi náà ń béèrè.”

“Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Mọ́mì tún pè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, ‘Ṣé ọkùnrin náà wà lóòótọ́ àbí o kàn ń sọ ọ́?’ Tí Dádì bá dé ọ̀hún tí kò ní nǹkan kan lẹ́nu, kí ni n ó sọ?”

“Ọ̀rẹ́ wọn yìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá.”

“O sì ń dá a lóhùn dáadáa?”

“Kí ló kàn án?”

Ó ní, “Ṣáà rí i pé o sọ ọ́ lọ́la.” Òun náà kò mọ̀ ju èmi lọ, ọmọdé ló kúrò nílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pinnu. Wọ́n gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ létí omi, a wọ ọkọ̀, mo di mọ́tò mú. Bí a ṣe dé ẹ̀yìn erékùṣù, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gba ohùn lẹ́nu mi, mo sọ ọ́ gedegbe. N kò tún yí i po.

“Dádì, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà.”

Àwọn ẹyẹ dúdú kan fò kúrò lórí igi. Bọ̀dá Jenfeld ṣe “há” jẹ́jẹ́, ó di orí rẹ̀ mú. Dádì kò yíjú padà. Ó fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ó tẹ́tí sí i bí ẹni pé okùn náà ló sọ̀rọ̀.

“Fà á sósì díẹ̀,” ló wí. “Afẹ́fẹ́ ti yí.”

Mo fà á sósì. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo jókòó síbẹ̀, etí mi ń hó. Ṣé “rárá” nìyẹn? Ṣé kò gbọ́ ni? Ẹni tó ní ẹja ń gbọ́, òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́? Mo ti kàwé dé ibi tí mo lè ka òfin ilé gbígbé Jámánì kí n sì lóye rẹ̀. N kò lóye “afẹ́fẹ́ ti yí.”

Lọ́sàn-án ni ẹja kan wá gbé e. Dádì bá a fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: ẹja aláwọ̀ fàdákà, àmì dúdú wínníwínní lára rẹ̀, ó rẹwà, n kò lè purọ́. Dádì gbé òṣùwọ̀n tì í. Kò gùn tó bí òfin ṣe wí. Ó tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó dì í mú sínú omi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni wẹ ọmọ jòjòló, ó sì jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn gbogbo òtútù yẹn! A padà sí afárá lọ́wọ́ òfo. Dádì kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. “Ó dàbọ̀. Ẹ kú ìrìn,” ló wí, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà Berlin lọ.

Inú ọkọ̀ Bọ̀dá Jenfeld ni mo ti bú gbàmù. Mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀wù tó ya, ìjókòó tó tutù, ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sí mi, ife tí wọ́n nà sí mi tí wọ́n tún fi bú mi, “ẹja ń gbọ́” tó jẹ́ pé èmi nìkan ni ẹja ń gbọ́, ìbéèrè lórí ìyá bàbá mi tó ti wà nínú ibojì kí n tó gbọ́n, àti èyí tó dùn mí jù, pé mo la ẹnu mi tọrọ ọmọ, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní bí mo bá tún fojú kan adágún yẹn, kí wọ́n sọ mí sínú rẹ̀. Bọ̀dá Jenfeld kò dá mi dúró. Nígbà tí a dé Raststätte kan, ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Autobahn, ó yà síbẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì.

“O ti sọ tán?”

“Mo ti sọ tán, sà.”

“Ta lo rán?”

“Rán sí ibo?”

“Sí ẹ̀gbọ́n. Ta lo rán sí i pé o fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀?”

“Èmi fúnra mi ni mo lọ.”

“Ìyẹn ni.” Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. “Wọn kì í fi ẹnu ara ẹni tọrọ ìyàwó, àbúrò. Bó o bá sọ ọ́ sí i lójú, tó sì ní rárá, báwo lẹ ṣe máa tún wo ara yín? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ló ní rárá fún, èmi á gbé e mì. Ìwọ ò gbọ́, òun ò sọ. Ẹ ṣì lè kí ara yín. Kí lo rò pé mo ń ṣe láàárín yín nínú ọkọ̀ yẹn?”

“Ẹ ń pa ẹja.”

“Ẹja! Èmi tí omi ń bà lẹ́rù? Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n wá jókòó ti ọmọ tó ń wá ọmọ wa, kó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ, ìwọ ń tì í.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún èèyàn?”

Kò bá ọgbọ́n mu, n kò sì gbà á títí di òní. Èmi ni àkọ́bí. Kò sí ẹ̀gbọ́n tí mo wo bó ṣe ṣe tirẹ̀. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ẹ létí, wọ́n á ní o rú u. Mo sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú. Ó kàn mi orí, ó mú fóònù rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti ń sún mọ́lé? Ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ó ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín.”

N kò sọ bẹ́ẹ̀.

“Ó ní ti òtútù yẹn, kò tó nǹkan. Ó ní bí ẹ bá tún pe òun síbẹ̀, òun á wá.”

N kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Mo nawọ́, ó fọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Ó ní ọmọ yín ni òun rí tí ojú òun ò ríbòmíràn mọ́. Ó fi ń bẹ̀ yín.”

Mo gbọ́ ohùn Dádì nínú fóònù, ó tẹ́ẹ́rẹ́. “Ó bínú, àbí?”

Bọ̀dá Jenfeld wò mí. “Ó bínú díẹ̀, sà.”

“Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi níbẹ̀, bó ṣe ń mí. Ìbínú ẹ̀, ṣé ó máa ń gbé e wọlé? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin yẹn ò ní bàbá.”

N kò tíì rò ó rí pé ohun tí ọkùnrin náà ń wádìí láti ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Bọ̀dá Jenfeld kò tíì gbé ojú kúrò lára mi.

“Inú ọkọ̀ mi ló da gbogbo ẹ̀ sí, sà. Ó kà á tán pátápátá. Kò bú yín, kò gbé ọwọ́ sókè, kò pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ohun tó dùn ún ló sọ.”

Ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ wọn ń mi tiwa.

“Kí bàbá ẹ̀ pè mí kí n tó wọ bàálù,” ni Dádì wí.

“Ẹ ṣé, sà.”

Ó ti parí nìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn níyàwó nìyẹn, ní Raststätte, láìsí ẹnì kan tó dárúkọ ìyàwó? Mo bi í pé ṣé “bẹ́ẹ̀ ni” ni àbí kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni.” Ó ní tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ló fẹ́ fi bàbá mi ṣe?

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù yẹn.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni.”

“Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni? Sọ ọ́ fún mi. Èmi ni màá bá ẹ sọ fún un.”

Ìbínú tún ru sókè nínú mi. Síbẹ̀, mo sọ ọpẹ́ náà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ fìlà rẹ̀, ó sì tún nọ́ńbà náà tẹ̀.